A Kì í Kí Àna Lórí Alùpùpù

Ọ̀kadà ló pa ìyá mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé oníjàgídíjàgan obìnrin kan ṣáá ni mí. Òótọ́ ni pé oníjàgídíjàgan ni mí, n kò sẹ́, ṣùgbọ́n mo ní ìdí. Ìyá mi ń ti ọjà bọ̀ n'Íbàdàn, ọlọ́kadà tó gbé e fẹ́ gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá, àyè kò sì gbà á. Ìyá mi já sí títì, táyà ọkọ̀ akẹ́rù gun orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pe bàbá mi débẹ̀, àwọn èèyàn ti ń lu ọlọ́kadà náà. Bàbá mi, Àlhájì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́, bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó sì bá wọn lù ú títí ojú ọmọkùnrin náà fi wú di. Wọ́n dáná sun ọ̀kadà rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà. Mo he òkúta, mo sọ ọ́ sí i, kò bà á. Títí di òní, ó ń dùn mí pé kò bà á.

Ta ni mo wá dàgbà tán tí mo lọ fẹ́? Ọlọ́kadà. Kì í ṣe èyí tó pa ìyá mi o, ọlọ́kadà mìíràn ni, tó ń fi iṣẹ́ náà tọ́ ara rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bàbá mi ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ìran àwọn tó pa ìyàwó òun. Nígbà tí mo ta kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó rán àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó wá so yìgì mi, òun jókòó sínú yàrá. Ọkọ mi lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Bàbá mi wò ó nílẹ̀, ó sì gbá ilẹ̀kùn dé, díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀kùn fọ́ ọ lórí. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi ń wá lọ́wọ́ àna rẹ̀: kó gba ìkíni òun, kó ní "Dìde, ọmọ mi," bí gbogbo àna ṣe ń wí. Gbogbo ọdún iléyá ló ń pè é lórí fóònù láti Maryland, nílùú òyìnbó níbí. Bí bàbá mi bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á gbé fóònù fún ẹlòmíràn.

Bowie là ń gbé, àwa méjèèjì àti ọmọ tó sọ wá di Mọ́mì àti Dádì fún ara wa. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Suitland, nínú ilé ńlá kan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Òun ló ń tún ẹ̀rọ amúlétutù wọn ṣe. Láàárọ̀, ọkọ̀ a tò títí, èèyàn á jókòó sójú kan, á máa bú gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ kan ló wọlé, ó ní òun ti rí oògùn rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ síta. Mo bọ́ síta, mo rí alùpùpù dúdú kan níwájú gáréèjì, ó ga, ikùn rẹ̀ rí gbọ̀dọ̀gì. Ọmọ ogun kan tó ń kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ló tà á fún un. Ẹgbẹ̀rún sí-sí ni agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀kadà tó ń gùn n'Íbàdàn, ọgọ́rùn-ún sí-sí ni.

Ìgbákọ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi fọ́ ojú iná alùpùpù náà, mo sì yí i sórí ẹni tó ni ín. Ó gba ọwọ́ mi mú, mo bù ú jẹ. Ará ilé kejì ṣí fèrèsé rẹ̀, ó tún un tì. Ohùn mi ti há kí ọkọ mi tó ráyè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní máṣíìnì gígùn?"

Mo lọ wádìí òfin. Mo rò pé òfin á gbè mí. Àwọn ìlú kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ alùpùpù fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ńlá. Kékeré ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gùn ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní Maryland, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi dandan lé pé kó lọ gba ẹ̀kọ́. Àgbàlagbà lè lọ gba ẹ̀kọ́ náà, ó sì lè lọ ṣe ìdánwò tààrà láìgbà á, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Inú bí mi débi pé mo lu tábìlì. Àwọn alákòóso àdúgbò wa a máa kọ̀wé sí wa bí koríko iwájú ilé bá ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó lè fọ́ orí baálé ilé bí ìgbà tí wọ́n fọ́ ẹyin, ẹni tó bá wù ú lè rà á.

Mo ní kí ó yàn: ẹ̀kọ́ ni, tàbí kí n máa fi òòlù jí alùpùpù náà láràárọ̀. Ó yan ẹ̀kọ́. Èmi gan-an ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, sí ibi ìgbọ́kọ̀sí gbalasa kan tí wọ́n ti fi kóònù kéékèèké pupa sàmì sí ilẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń ṣọ́ ọ. Àwọn alùpùpù kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀, kò sí èyí tó ju ọ̀kadà Ìbàdàn lọ jìnnà. Ọmọbìnrin kan tó fín apá rẹ̀ méjèèjì ló ń kọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti alùpùpù láì tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi ń fi ẹsẹ̀ tì í bí ọmọ tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ọmọbìnrin náà wá bá a. Ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, èyí tí wọ́n fi ń fún alùpùpù níná, ó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe máa wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí ọrùn ọwọ́ bá wà lókè tí ara wá ṣèèṣì mì, ọwọ́ á lọ sílẹ̀, á sì fún un níná láì jẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohunkóhun tó bá fẹ́ fi orí tàbí ọwọ́ ṣe, kó kọ́kọ́ dúró, kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó yí lọ. Ọkọ mi gbé ọrùn ọwọ́ padà sókè. Ọmọbìnrin náà padà wá, ó tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní bí kò bá gbọ́, kó máa lọ sílé.

Ọkọ mi bọ́ àṣíborí, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́. Ó wá bá mi nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

Ó ní, "Èmi tí mo gbé aboyún! Èmi tí mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì, tí mo gbé ewúrẹ́ láàyè! Ọmọ tí mo lè bí ni yóò máa di ọwọ́ mi mú?"

"Ẹ padà síbẹ̀, Dádì."

"Mi ò lọ."

"Orí kunkun yín á pa yín, bàbá mi á sì ní ṣebí òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó gbá dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí iná dá wa dúró, ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ láàárín ọkọ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ó délé lẹ́yìn mi, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pámíìtì akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ní lápò, kò lọ gba láísẹ́ǹsì gidi. Ó ń gun alùpùpù náà lọ síṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi wá pè, ó ní òun fẹ́ wá wo ọmọ mi kí òun tó kú. Ọkọ mi kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti gbọ́. Ó kun ilé, ó ra ẹní ìkírun tuntun, ó gbé alùpùpù lọ fi pamọ́ síbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Suitland. Ní pápákọ̀ òfurufú, bí bàbá mi ṣe yọ, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Àwọn òyìnbó dúró ń wò. Bàbá mi gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, táyà kẹ̀kẹ́ náà gun ìka ọwọ́ ọkọ mi, mo rí i. Ọkọ mi rún eyín mọ́ra, kò ké. Mo fẹ́ fa kẹ̀kẹ́ náà dànù. Bí kì í bá ṣe pé bàbá mi ni, ǹ bá ṣe é.

Bí wọ́n ṣe wà nínú ilé kan náà nìyẹn. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọkọ mi á wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò. Bàbá mi á wojú mi, á ní, "Bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́." Ojoojúmọ́. Mo máa ń wọ ilé ìdáná, mo máa ń fi ọbẹ gé àlùbọ́sà bíi pé àlùbọ́sà ló ṣẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan tí ọkọ mi kò lọ síṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Suitland pè é pé àwọn tó ni ilé ti ń wọ́ ọkọ̀ àjèjì lọ, kó wá gbé alùpùpù rẹ̀ kíákíá. Ọkọ mi rò pé ààyè wà. Bí bàbá mi bá lọ kí ìrun Jímọ̀ọ̀, ó máa ń dúró ní mọ́ṣáláṣí títí di ìrun alásàárì. Ó ní òun á sáré gbé e wọ gáréèjì, òun á fi aṣọ bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, inú ń rún bàbá mi, ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí sì fi ọkọ̀ gbé e wálé. Ó ní òtútù ẹ̀rọ amúlétutù wa ti pọ̀ jù, ó lọ dúró sójú oòrùn níwájú gáréèjì, pẹ̀lú agbádá àti láwàní funfun rẹ̀. Mo gbé fóònù láti kìlọ̀ fún ọkọ mi. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kò lè gbé fóònù.

Mo gbọ́ ohùn alùpùpù náà kí n tó rí i. Mo sáré jáde. Ọkọ mi ti dé igun, ó rọra ń bọ̀, ó yí wọ ojú ọ̀nà gáréèjì wa, ó gbójú sókè, ó sì rí àna rẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an.

Ẹlòmíràn ì bá tẹ bíréèkì. Ọkọ mi tẹríba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bú u, bí wọ́n ṣe ń ṣe é n'Íbàdàn nìyẹn. Mo ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí nígbà tó bá rí àgbàlagbà lójú ọ̀nà. Á tẹ orí àti èjìká mọ́ orí ọ̀kadà, á ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà," ọ̀kadà kékeré náà á húkọ́ díẹ̀, á sì máa lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀kadà kékeré. Bó ṣe tẹrí wálẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bá a lọ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ tẹ̀lé e, iná sì wọ ẹgbẹ̀rún sí-sí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó bú, ó fò. Iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ju ọkọ mi sẹ́yìn, bó ṣe ń lọ sẹ́yìn ló ń fi ọwọ́ dì í mú, bó sì ṣe ń dì í mú ló ń fún un níná sí i. Bàbá mi dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà rẹ̀, apá méjèèjì ká agbádá sókè, kò sá. Mo ké "Bàbá!" Mo rí i kedere, mo sì lè fi Kùránì búra, pé ọkọ mi fi gbogbo ara rẹ̀ fa orí nǹkan náà sápá òsì. Ó já ọwọ́ agbádá bàbá mi ya, bàbá mi yí lulẹ̀, alùpùpù sì forí sọ ẹ̀yìn jíìpù wa. Gíláàsì dà. Ọkọ mi lọ fàyà gbá òrùlé ọkọ̀, ó já bọ́, alùpùpù wó lé e lẹ́sẹ̀.

Kò tíì kú, alùpùpù yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ké, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń yí, ó ń ha ṣòkòtò àti ẹran itan ọkọ mi. Páìpù èéfín rẹ̀ gbóná lé e lójúgun, mo gbọ́ òórùn ẹran tó ń jóná. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Mo ń gbá a nípàá, mo ń ṣépè fún un, kí n tó rántí kọ́kọ́rọ́, mo sì já a yọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Nígbà tí ariwo dáwọ́ dúró, ariwo ọkọ mi ló kù. Eegun ti yọ jáde nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi tó ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Bàbá mi dìde. Ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ náà ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ó tú láwàní orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú gíláàsì, ó fi dè é nítan, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fà á le. Ọkọ mi ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Ó wá lajú, ó rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàsán, sà."

"Panu mọ́!" ni bàbá mi wí.

Áńbúláǹsì gbé e lọ. Ọlọ́pàá béèrè láísẹ́ǹsì, mo mú pámíìtì akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé níbo ni ẹni tó ní láísẹ́ǹsì tó yẹ kó wà pẹ̀lú rẹ̀ wà. Mo bú ọlọ́pàá náà ní Yorùbá. Ọlọ́run yọ mí, kò gbọ́.

Níbi tí a jókòó sí nílé ìwòsàn, tí àwọn dókítà ń fi irin to ẹsẹ̀ rẹ̀, bàbá mi ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé e gbà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ agbádá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé ohun tó máa sọ ni pé, "Ṣé o rí i? Ṣé n kò wí fún ọ pé apààyàn ni wọ́n?"

Ó ní, "Ṣé èmi ló fẹ́ fi pa ni?"

"Bàbá, ẹ̀yin ló ń kí."

"Ó ń kí ta?"

"Ẹ̀yin. Ó rí yín, ó tẹríba fún yín. Títẹríba yẹn ló fún un níná."

Ó wojú mi bíi pé mò ń purọ́. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ó rí mi tán ló yà á sí ara ọkọ̀. Mo rí i. Ó lè fò sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún mi." Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Mo mọ ìbínú bàbá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún tèmi. Ó ń jó o láti inú wá, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọ̀dẹ̀ ni. Ọ̀dẹ̀ gbáà ni."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n jẹ́ ká rí i. Irin yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, wọ́n fi okùn so ó kọ́. Ojú rẹ̀ wú. Mo wọlé, bàbá mi tẹ̀lé mi. Bí ọkọ mi ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti tẹríba lórí ibùsùn. Okùn fa ẹsẹ̀, irin mì, ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ lára báńdéèjì, ó sì ké.

Bàbá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó mira. Ó gbá a létí. Ìgbájú olóòyì ni, ó dún gbàmù. Ó tún gbá apá kejì.

"Ṣé o fẹ́ kú ni? Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìkíni? Bí o bá kú, ta ni màá rí fi ṣe ọkọ fún ọmọ mi yìí? Sùn sílẹ̀! Mo ní kí o sùn sílẹ̀!" Omijé ń ya lójú rẹ̀, ó ń ti èjìká ọkọ mi mọ́ ìrọ̀rí. Nínú gbogbo ayé rẹ̀, àwa tó bí nìkan ni bàbá mi máa ń gbá létí. Ọlọ́kadà ìjọ́sí, bẹ́líìtì ló fi nà án. Kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbá ọmọ ọlọ́mọ.

Nọ́ọ̀sì figbe ta. Sikiọ́rítì kan sáré wọlé, ó ga tó ilẹ̀kùn, ó di apá bàbá mi mú sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Gbogbo wa ń pariwo. Sikiọ́rítì náà wo ọkọ mi, ó bi í bóyá ó mọ bàbá yìí, bóyá kí òun mú un jáde, bóyá kí òun pe ọlọ́pàá.

Ọkọ mi fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti pọ́n. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sílẹ̀," ló wí fún un ní gẹ̀ẹ́sì. "Fáda mi ni."

Sikiọ́rítì yíjú sí bàbá mi láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó fa àga sẹ́bàá ibùsùn, ó jókòó, ó sì ní kí n bá òun sọ fún ọkùnrin náà pé kò sẹ́ni tó máa lé òun kúrò lọ́dọ̀ ọmọ òun.